Aláǹtakùn Apá Bàbá Tíṣà

"Nu jígí ná, kí o tó fi aláǹtakùn joyè." Ẹni tó bá gbé ọ̀sẹ̀ kan péré ní Ìdí-Oṣè yóò gbọ́ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Tíṣà Ọlálérè mọ̀ ọ́n dáadáa, torí òun gan-an ló fi aláǹtakùn joyè.

Ọdẹ́jìmí, bàbá Tíṣà, lọ sí ogun Hítílà, ó sì padà bọ̀, ṣùgbọ́n ó kú nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀: ọkùnrin gbọọrọ kan nínú aṣọ sójà, jígí iwájú fọ́tò náà sì ti dọ̀tí bí ẹni pé ọyẹ́ ló bò ó. Lọ́dọọdún ni ìyá Tíṣà ń sọ pé, "Ọlá, bá mi nu fọ́tò bàbá rẹ." Lọ́dọọdún náà ni Tíṣà ń dáhùn pé, "Ìyá mi, ohun ìtàn ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fọwọ́ kàn án."

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà kà nínú ìwé pé àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ kan tó ja ogun Hítílà ní ilẹ̀ Bọ́mà a máa lẹ àwòrán aláǹtakùn mọ́ apá aṣọ wọn. Ó sáré wọ pálọ̀, ó gun àga. Lóòótọ́, aláǹtakùn dúdú wà lápá bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé!

Láti ọjọ́ náà, Ìdí-Oṣè kò gbádùn mọ́. Ní ìpàdé ìlú, Tíṣà ròyìn bí Ọdẹ́jìmí ṣe yìnbọn la igbó Bọ́mà já, àfi bí ẹni pé òun ló ru àpótí ọta tẹ̀lé e. Ìlú gbà láti fi orúkọ Ọdẹ́jìmí sọ ọ̀nà ọjà, wọ́n sì ya aláǹtakùn sára pátákó rẹ̀. Kọ́ládé, ọ̀rẹ́ Tíṣà láti kékeré, rọra sọ pé bàbá òun náà lọ sógun, pé kúùkù ni.

"Kúùkù?" ni Tíṣà wí lójú gbogbo ènìyàn. "Nígbà tí bàbá tèmi ń dojú kọ ọ̀tá, ọbẹ̀ ni bàbá tìrẹ ń dojú kọ."

Kọ́ládé dìde, ó lọ sílé. Kò yà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀, wọ́n pe Bàbá Àtàndá, sójà àtijọ́ kan tó ti dé Bọ́mà, kó wá jẹ́rìí. Ó tẹjú mọ́ fọ́tò náà títí.

"Tíṣà, aláǹtakùn tiwa kì í ta òwú. Èyí ta òwú."

Ó tú ẹ̀yìn fọ́tò náà. Òkú aláǹtakùn tó ti há sábẹ́ jígí já bọ́ sórí ẹsẹ̀ Tíṣà. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́ tú nídìí rẹ̀. Bàbá Àtàndá nu òwú náà kúrò, wọ́n sì rí ọ̀já funfun tó ní àmì àgbélébùú lápá Ọdẹ́jìmí.

"Àmì àwọn tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ nìyí. Wọn kì í yìnbọn, ṣùgbọ́n ibi tí ìbọn bá ti ń dún ni wọ́n ń sáré lọ."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Èjìká ń dùn ún títí tó fi kú. Èmi ni mo ń fi òróró pa á fún un."

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni? Ìwé lo bi."

Tíṣà mú àkísà, ó nu jígí náà fúnra rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rí ojú bàbá rẹ̀ kedere. Ojú tútù ni, kò jọ ti ẹni tó pa ẹnikẹ́ni rí. Ó gba ilé Kọ́ládé lọ lọ́sàn-án gangan, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi tí mo fi kòkòrò joyè ni mo wá bẹ̀ ọ́."

Kọ́ládé fajú ro, ṣùgbọ́n ẹ̀rín borí rẹ̀. "Dìde, Olóyè Aláǹtakùn. Wọlé wá jẹun. Ọbẹ̀ wà."

Wọ́n pa aláǹtakùn rẹ́ lára pátákó, wọ́n kọ orúkọ bàbá méjèèjì sí i. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà kiri, ó ní kó tó di pé ẹlòmíràn bá òun fi ata sí i.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, "Nu jígí ná, kí o tó fi aláǹtakùn joyè." Wọ́n máa ń pa á fún ẹni tó ń fi ohun tí kò tíì yẹ̀ wò dáadáa yangàn, pàápàá bí ẹni tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà bá jókòó tì í nínú ilé.