Agolo Ìpara Ìyá Àgbà

Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá ni Àlàmú, kò tíì rákò. Nọ́ọ̀sì Fadérera, tó ń wá kọ́ ọ nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a máa tẹ́ ẹní, a máa gbé ṣaworo síwájú rẹ̀ díẹ̀. Bí ọmọ bá ti nawọ́, ìyá àgbà á yára mú ṣaworo lé e lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ bá a fúnra rẹ̀."

"Kí n máa wò ó níran kó máa jìyà? O ti bímọ rí?"

Lọ́jọ́ kan, agolo ìpara tí ìyá àgbà fi ń pa orúnkún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, orúnkún kọ̀. Fadérera dìde láti bá a mú un, ló bá tún padà jókòó: Àlàmú ti dojú bolẹ̀, ó ń fi àyà wọ́ lọ síbẹ̀. Ó pẹ́. Ó sunkún lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, agolo dún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ ọmọ ti bà á.

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè," ni ìyá àgbà wí. "Ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan ni mo ti ń rántí."

Nígbà tí Fadérera padà dé lọ́sẹ̀ kejì, kò rí agolo lórí tábìlì tó máa ń wà. Ìyá àgbà ti mọ̀ọ́mọ̀ yí i sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.