Ẹtu àti Díẹ̀ Tó Kù Lórí Òrùlé

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó gorí òrùlé, ó já lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo lẹ́yìn.

Ní ìgbà kan rí, Ẹtu lóyún. Oyún kejì ni. Abẹ́ igi ló ń sùn nígbà tó bí àkọ́kọ́, òtútù òjò ló sì pa ọmọ náà. Ẹtu sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Ó ní, "Èyí tó ń bọ̀ yìí kò ní í sun abẹ́ igi." Ó bá lọ bẹ Ìjàpá pé kó wá kọ́ ilé fún òun kí òjò tó dé.

Àṣà àwọn ẹranko ni pé onílé ní í máa bọ́ oníṣẹ́ títí òrùlé yóò fi parí. Inú Ìjàpá dùn ṣìnkìn. Ẹ̀bẹ ni Ẹtu ń sè fún un, ẹ̀bẹ elépo, tí ẹja ń yọjú láàárín rẹ̀. Ògiri dìde kíákíá. Àfi ìgbà tí iṣẹ́ dé orí òrùlé, ló bá dúró sójú kan.

"Bàbá Ìjàpá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibo lẹ bá a dé?"

"Ó ti parí, ọmọ mi. Ó kù díẹ̀."

Ilẹ̀ mọ́, ó tún bi í. Ó kù díẹ̀. Oṣù lé, oṣù wọ̀. Ó kù díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, díẹ̀ wo ló ń jẹ odidi ìkòkò ẹ̀bẹ lójoojúmọ́?

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Ẹtu. Kọ́lékọ́lé ni gbogbo ayé ń pe Ìjàpá, àmọ́ ó wá ń ṣe é bíi pé kólékólé lòun gbà sílé. Orin ló kàn ń gbọ́ lókè. Ẹ bá mi gbè é:

Mo ń so bẹẹrẹ,
Kíkankíkan!
Ọwọ́ mi ò dúró,
Kíkankíkan!
Onílé, ṣe sùúrù,
Kíkankíkan!

Orin ń dún, koríko ò dún. Ẹtu yọ́ gun àkàsọ̀, ó yọjú. Ìjàpá rèé, ó nà gbalaja, ó ń fi igi lu pákó bí ẹni ń ṣiṣẹ́. Koríko bẹẹrẹ tó yẹ kó so mórí òrùlé, òun ló fi ṣe ìrọ̀rí!

Inú bí Ẹtu gidigidi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àkàsọ̀ kúrò, ó gbé ẹ̀bẹ kaná lẹ́bàá ògiri. Òórùn rẹ̀ gòkè.

"Ẹtu, ọmọ mi! Àkàsọ̀ dà?"

"Ó ń bọ̀, Bàbá. Ó kù díẹ̀."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ó ti jinná. Ó kù díẹ̀."

Ìjàpá gbé itọ́ mì. Ọ̀rọ̀ yé e. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti bo òrùlé.

Ẹtu gbé àkàsọ̀ padà, Ìjàpá sọ̀ kalẹ̀, ó nawọ́ sí ìkòkò. Àmọ́ ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ẹtu gbé ìkòkò wọlé. "Inú ilé la ti máa jẹun, Bàbá. Òjò ti ṣú."

Ìjàpá wọlé, ó sáré fara ti ògiri kan. Kò fẹ́ wo igun kejì rárá. Ẹtu rí i. Igun tí kò fẹ́ wò yẹn gan-an ló tẹ́ ẹní sí fún un.

Òjò dé. Tó. Tó. Tó. Ìjàpá ń wo ilẹ̀.

"Kí ló tutù lẹ́yìn yín yẹn?"

"Òógùn ni. Ooru ń mú mi."

"Ìjàpá, ìgbà wo ni igbá ẹ̀yìn rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn?"

Ojú tì í. Ṣe ni ọ̀kánjúwà yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi ihò sílẹ̀ lórí òrùlé kí wọ́n lè tún pè é wá jẹun. Nínú òjò yẹn náà ló padà gòkè lọ dí i. Ẹtu jókòó síbi tó gbẹ, ó jẹ ẹ̀bẹ tirẹ̀ àti tọmọ inú rẹ̀. Nígbà tí Ìjàpá fi máa sọ̀ kalẹ̀, òrùlé ti parí, àṣà oúnjẹ oníṣẹ́ náà ti parí. Ìkòkò ti mọ́.

Òjò yẹn ò tíì dá tí Ẹtu fi bímọ. Ọmọ náà ké. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ pa á lára látorí dé ẹsẹ̀, ara ọmọ náà gbẹ, òjò ò kán sí i.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí oníṣẹ́ bá sọ fún ọ pé ó kù díẹ̀, ní kó kọ́kọ́ wá jókòó sábẹ́ díẹ̀ tó kù náà.