Bí Fóònù Ṣe Di Àbúrò fún Ẹni Tó Dé Lẹ́yìn Rẹ̀

Nígbà láéláé, kí ayé tó di ayé ìkánjú, ohun èlò oníná kì í gbó. Bí ọ̀kan bá wọlé ẹnìkan, ọmọ-ọmọ onílé ni yóò jogún rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, onílé sì ń gbọ́ wọn yékéyéké.

Nílé Ìyá Ọdẹ́wálé, Rédíò ni àgbà. Òun ló kọ́kọ́ wọlé, bí a sì ti ń ṣe nínú agbo ilé wa náà ni wọ́n ń ṣe: ẹni tó bá ṣíwájú wọlé ni ẹ̀gbọ́n, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré. Àárín tábìlì pálọ̀ ni Rédíò máa ń wà. Tẹlifíṣọ̀n, bó ti tóbi tó nì, ń dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀. Orí Rédíò a máa wú. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń gbọ́ ìròyìn, nítorí rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń gbé àga wá sílé náà.

Ó wá di ọjọ́ kan, Fóònù dé. Ó kéré, ó ń dán yinrinyinrin, ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú kò tíì kúrò.

"Àbúrò, káàbọ̀," ni Rédíò wí. "Wá kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ."

Fóònù bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni kí n kí? Ìwọ àpótí tó ń hó yìí? Mò ń sọ̀rọ̀, mò ń ya àwòrán, mò ń tan iná. Ìwọ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Rédíò wọ egungun. Kò sí ẹni tó fojú di í bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà.

Fóònù yíjú sí onílé. "Ìyá, ẹ bá wa yí òfin yìí padà. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni kó jẹ́ àgbà, torí òun ló mọ̀ jù." Ìmọ́lẹ̀ Fóònù ti wọ Tẹlifíṣọ̀n lójú, òun náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ó dá yín lójú?" Ìyá Ọdẹ́wálé bi wọ́n. "Tẹ́ ẹ bá ti búra sí i, mi ò ní bá yín tú u o."

Wọ́n búra. Rédíò nìkan ló kọ̀.

"Èmi ò sí ńbẹ̀, Ìyá. Wọ́n lè gbé mi kúrò lórí tábìlì, wọn ò lè gbé ọdún tí mo ti lò kúrò lára mi."

Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sójú fèrèsé ilé ìdáná nìyẹn. Ó dùn ún púpọ̀, ṣùgbọ́n ó na irin orí rẹ̀ sókè gangan, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí agbára àwọn bátìrì rẹ̀ bá ń tán, Ìyá Ọdẹ́wálé a sá wọn sóòrùn, Rédíò a tún gbóhùn sókè.

Fóònù gun orí tábìlì, ó ń yan. Wọn kò tíì bó ọ̀rá ojú rẹ̀ tán tí Ọdẹ́wálé fi mú fóònù mìíràn bọ̀ láti ìlú ńlá. Eléyìí fẹ̀ lójú jù ú lọ, ojú mẹ́ta sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Dọ̀bálẹ̀, àbúrò," ni àlejò wí.

"Èmi kẹ̀? Ìyá, ẹ gbà mí o! Ara mi le, mo ṣì ń ṣiṣẹ́!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi." Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Ọdẹ́wálé. "Kò sí ohun tó ṣe ọ́. Òfin tí o bẹ̀bẹ̀ fún náà ni."

Fóònù nà gbalaja. Kò pẹ́, òmíràn tún wọlé, àlejò ọjọ́sí náà sì nà tì í. Wọ́n kó àwọn méjèèjì sínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan dé, wọ́n gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé.

"Ẹ̀gbọ́n Rédíò," ni Fóònù ké láti inú páálí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ Ìyá."

Rédíò bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, torí àgbà ni. Ṣùgbọ́n ìbúra náà ti bọ́ sórí gbogbo ìran wọn.

Láti ọjọ́ náà ni fóònù ti ń di ti àtijọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le koko. Ibikíbi tí wọ́n bá sì gbé e sí, ṣe ni yóò nà gbalaja, torí kò mọ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mìíràn yóò wọlé. Rédíò kò búra ní tirẹ̀. Ẹ wò ó nínú ilé ìdáná àwọn ìyá àgbà: ìdúró ló wà.