Òòrẹ̀ So Màrìwò Mọ́ Ọ̀nà Òkè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ọdún tí eṣú jẹ oko wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Àlọ́ mi gun òkè, ó bá Òòrẹ̀ nílé.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà lórí òkè náà, gbogbo ẹranko ló ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá láti yẹ ọ̀nà, Òòrẹ̀ nìkan ló yọjú. Inú bí i, ó so màrìwò mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá.

Ẹtu, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọrin láti ìsàlẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

"Ẹ̀gbọ́n Òòrẹ̀, ẹ tú màrìwò o!"

Ọ̀nà gbogbo wa!

"Ẹlẹ́sẹ̀ bí igi ìgbálẹ̀, lọ sùn!" ni Òòrẹ̀ wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹtu kọ ọ́, kò sì wá mọ́.

Òòrẹ̀ ń dá ọ̀nà yẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èrò ní í pa koríko. Koríko bo ọ̀nà odò, ó bo ọ̀nà ìdí agbálùmọ̀, ó wá bo ọ̀nà ilé Ẹtu. Òòrẹ̀ bá dìde, ó kọ orin Ẹtu fúnra rẹ̀, ó dúró kí wọ́n gbè é.

Ẹ má gbè é, ẹ̀yin ọmọ. Kò sẹ́ni tó gbè é.

Ohun tó sọnù nìyí: ọ̀nà mẹ́ta, odò kan, agbálùmọ̀ kan, ọ̀rẹ́ kan.