Bí Ìgbín Ṣe Di Ẹni Tí Ń Fi Ipa Dídán Sílẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ìgbín ń rìn kiri tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ ibi tó gbà, àpáta ńlá kan wà láàárín igbó. Àpáta náà kì í ṣe àpáta lásán o. Ara rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀dá inú igbó ń ya ohun tí wọ́n bá mọ̀ sí.

Erin ya ibi tí ilẹ̀ oníyọ̀ wà. Ọ̀yà ya koríko tó ń pani àti èyí tí kì í pani. Oyin ya ìgbà tí igi ẹmi máa ń tanná. Eèrà pàápàá, pẹ̀lú bó ṣe kéré tó, ya bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe máa ń kẹ́rù sá gòkè kí òjò tó dé.

Ẹfun, osùn àti èédú ni wọ́n fi ń yà á. Àwòrán bo òkúta náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ojú kò ká mọ́. Kò sí ẹnì kan tó dá a ni, kò sì sí ẹnì kan tó mọ gbogbo rẹ̀ tán. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ lè mọ ohun tí gbogbo igbó mọ̀. Bí mo bá ronú kàn án, orí mi a wú. Eèrà ń kọ́ erin, erin ń kọ́ eèrà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fojú kan ara wọn rí!

Ẹnikẹ́ni ló lè ya nǹkan síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ya ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn lè nù ún kúrò.

Òòrẹ̀ ló fẹ́ràn nínù jù. Kò sẹ́ni tó fi í joyè olùṣọ́ àpáta, òun ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́. Láti àárọ̀ ló ti máa ń gbé kànrìnkàn rẹ̀ dání, tí á máa yẹ òkúta wò bí ìyàwó tuntun ṣe ń yẹ ìkòkò rẹ̀ wò. Ẹ má bá mi bú u o. Ó fẹ́ràn àpáta náà tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀, kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ìgbín gòkè wá láti àfonífojì. Kò rí àpáta náà rí láyé rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ìwo rẹ̀ nà gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ kò sì lè pa dé.

"Ta ló ṣe gbogbo èyí?" ó béèrè.

Àdàbà, ẹyẹ àgbà kan tó ń gbé lórí igi ẹ̀gbẹ́ àpáta, dá a lóhùn. "Gbogbo wa ni, ọmọ mi. Tìẹ ló kù."

"Tèmi kẹ̀, Màmá? Èmi tí mi ò lọ́wọ́, tí mi ò lẹ́sẹ̀?"

"O ní ikùn. Ti ikùn rẹ bọ ẹfun, kí o sì wọ́ ọ lórí òkúta. Ó ti tó."

Ayọ̀ Ìgbín kò ṣe é fẹnu sọ. Ó ti ikùn bọ ẹfun. Kí ló yà? Ilé tirẹ̀ tó ń gbé kiri lẹ́yìn ni! Ó yà á tóbi ju erin lọ, ó fi osùn yí i po, ó sì fà sẹ́yìn láti wò ó.

"Ta ló ya ìranù yìí?" Òòrẹ̀ ti dé. Ó fi kànrìnkàn gbo ó, fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀, ilé ńlá náà pòórá. Ẹ̀gún kan gún Ìgbín lọ́rùn, ó sì wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ wéré.

Nígbà tí Òòrẹ̀ lọ tán, Àdàbà fò wálẹ̀, ó fi ẹnu kan ìkarahun náà.

"Jáde wá, má sunkún. Gbogbo wa la ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìrù tí Ọ̀kín yà nìkan gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kan tán nígbà kan."

Ìgbín yọ ìwo kan jáde. "Màmá, kí ni kí n wá yà?"

"Má ya ìyìn ara rẹ, fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ya ohun tó lè wúlò fún ẹni tí o kò mọ̀ rí. Kí o sì fi ibi tí o ti rí i hàn, kí ẹni tí kò bá gbà ọ́ gbọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ lọ wò ó. Bí o bá ṣì í, a ó jọ tún un ṣe. Bí ẹnìkan bá sì nu tìẹ, má bá a jà lórí òkúta. Ẹ jọ wá sábẹ́ igi yìí, kí ẹ sọ ọ́."

Ìgbín ronú títí. Kí ni òun mọ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀? Ó wá rántí ìsun omi kan lẹ́yìn òkè, lábẹ́ gbòǹgbò igi, tí ìyá rẹ̀ mú un lọ nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé omi náà kì í gbẹ láéláé. Ó ya òkè, ó ya igi, ó sì ya omi sábẹ́ rẹ̀.

Òòrẹ̀ tún dé. "Omi lẹ́yìn òkè? Ta ló rí i?"

"Èmi ni, Baba. Mo mu nínú rẹ̀."

"Ọ̀nà wo lo gbà débẹ̀?"

"Baba, ojú mi kò mọ ọ̀nà náà. Ikùn mi ló mọ̀ ọ́n. Bí ikùn mi bá ti kan ilẹ̀, màá mọ̀ pé ibí ni."

Òòrẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé gbogbo igbó ló máa wá yá ikùn rẹ lò ni?" Ó gbé kànrìnkàn, ó sì nu omi náà nù.

Ẹ gbọ́ o. Ìbéèrè tí Òòrẹ̀ bi í tọ̀nà. Ẹni tó ní òun rí nǹkan yẹ kó lè fi ọ̀nà rẹ̀ hàn. Àmọ́ Òòrẹ̀ kò pè é sábẹ́ igi, kò sì ràn án lọ́wọ́ láti wá ọ̀nà náà. Ó kàn nù ún, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbín fi ìtìjú padà sí àfonífojì.

Kò pẹ́, ọ̀dá dé. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Oòrùn ń ran bí ẹni pé ó ń bínú. Àwọn ẹranko sáré lọ síwájú àpáta, wọ́n wo gbogbo ibi tí a ya omi sí, wọ́n sì lọ síbẹ̀. Eruku ni wọ́n bá. Àwọn tó ti rí àwòrán Ìgbín kí Òòrẹ̀ tó nù ún wá ẹ̀yìn òkè títí, wọn kò rí ẹ̀kán omi. Òùngbẹ mú àwọn ẹyẹ débi pé apá wọn kò gbé wọn mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí Òòrẹ̀ bí dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, kò sì lè ké mọ́.

Òòrẹ̀ dúró níwájú àpáta. Láàárín gbogbo àwòrán náà, ojú rẹ̀ bọ́ sí ibì kan tó ṣófo. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀rù bà á, ó sì gba àfonífojì lọ.

Ìgbín ti ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ pa. Omi díẹ̀ ló kù fún un nínú ìkarahun. Bí kò bá jáde, omi náà á tó o títí òjò yóò fi rọ̀.

"Ìgbín, jọ̀ọ́," ni Òòrẹ̀ wí. "Ọmọ mi ń kú lọ."

"Ṣebí ẹ ní irọ́ ni mo pa."

"Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni. Mi ò dúró bi ọ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tó ṣí, Òòrẹ̀ fi ẹnu gbé Ìgbín wá sẹ́sẹ̀ àpáta, níbi tí àwọn yòókù dùbúlẹ̀ sí. Àgbọ̀nrín ní kó gun òun lẹ́yìn, kó máa júwe ọ̀nà.

"Bí ikùn mi kò bá kan ilẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan," Ìgbín dáhùn. "Èmi ni n ó wọ́ lọ. Ẹ̀yin kò lè máa bá mi rìn díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn yìí, ẹ ó kú. Ẹ dúró sábẹ́ igi. Bí ilẹ̀ bá tutù, kí ẹ tẹ̀ lé mi."

"Báwo la ó ṣe mọ ibi tí o gbà?" Àdàbà béèrè. "Bí o bá fi ewé sàmì, Ẹtu á jẹ ẹ́ kó tó rántí. Bí o bá fa ìlà sínú eruku, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ."

"Mo ní omi díẹ̀ nínú ilé mi, Màmá."

Àdàbà ta gìrì. "Ọmọ mi, omi yẹn ni ẹ̀mí rẹ!"

"Mo mọ̀," ni Ìgbín wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Bó ṣe ń wọ́, ó ń da omi ara rẹ̀ sílẹ̀. Oòrùn tó ń pa gbogbo ẹ̀dá ló gbẹ omi náà mọ́ ilẹ̀. Bó ti gbẹ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ìlà kan tín-ín-rín, funfun, ó ń kọ mànà, ó kọjá lórí òkúta, ó gba abẹ́ ẹ̀gún, ó ń gun òkè lọ. Gbogbo ẹranko dìde jókòó. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí, pé kí ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ fi ara rẹ̀ fa ọ̀nà fún gbogbo ayé.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e. Òòrẹ̀ ló ṣíwájú, ó fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀. Ìlà náà mú wọn gba ibi tí wọ́n ti wá títí tí wọ́n sì ṣẹ́rí padà. Ó ń tín-ín-rín sí i, títí tí kò fi ju irun orí lọ. Lẹ́yìn náà, ó dáwọ́ dúró.

Ibẹ̀ ni Ìgbín wà, gbígbẹ, kò mira. Níwájú rẹ̀ díẹ̀, lábẹ́ gbòǹgbò igi ńlá kan, omi ń dún.

Òòrẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọmọ náà tó fẹnu kan omi, Òòrẹ̀ ti fi imú yí Ìgbín títí ó fi bọ́ sínú ìsun náà, pọ̀ọ́! Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọn kò sì mu.

Ìwo kan yọ jáde. Ìkejì yọ. Ariwo ayọ̀ tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà mi ewé jábọ́ lórí igi. Nígbà náà ni ọmọ Òòrẹ̀ mu, tí gbogbo igbó sì mu.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Òòrẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìsun náà sí ibi tó ti fọ̀. Ó sì fi ẹfun fa ìlà sínú àwòrán náà, láti ẹsẹ̀ àpáta títí dé ibi omi. Ó ní, "Láti òní lọ, kí n tó sún mọ́ ẹnikẹ́ni, n ó kọ́kọ́ gbọn ẹ̀gún mi, kó lè gbọ́ pé mò ń bọ̀, ká lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná."

Láti ọjọ́ náà ni òòrẹ̀ ti máa ń gbọn ẹ̀gún rẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ kó tó ta ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà sì ni omi tí ìgbín fi ta gbogbo igbó lọ́rẹ kò ti tán lára rẹ̀ mọ́. Ibi yòówù kó gbà, ipa rẹ̀ á dán sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ rí ìlà dídán lára ògiri yín, ẹ má sáré nù ún bí ẹ̀gbin. Ìgbín ló ń sọ fún yín pé: ibi tí mo gbà rèé, ẹ wá wò ó.