Ẹ̀gbọ́n Ọ̀sẹ̀ Kan

Ọkùnrin méjì kan wà ní ìlú kan tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà. Ọ̀kan ń ṣe búrẹ́dì, èkejì ń tọ́jú eyín. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré, ọdún kan náà ni wọ́n sì bí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ èyí tó kọ́kọ́ dáyé nínú wọn. Ìyá oníbúrẹ́dì sọ pé ìgbà tí eéṣú bo oko ni òun bí tòun. Ìyá oníṣègùn eyín náà sọ pé ìgbà tí eéṣú bo oko ni. Bóyá eéṣú ń bọ̀ ni o, bóyá ó ń lọ ni, ìyá méjèèjì ti kú kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti bi wọ́n.

O mọ̀ pé ọ̀ràn yìí kò kéré láàárín wa. Ta ni yóò kọ́kọ́ kí èkejì? Ta ni yóò máa sọ "ẹ", ta ni yóò máa sọ "o"? Wọ́n ti ń bá ara wọn fà á láti ìgbà èwe. Nígbà tí wọ́n dàgbà tán, wọ́n rí ibi tí wọ́n ti lè máa parí rẹ̀, ìyẹn pápá gọ́ọ̀fù.

Pápá náà wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Àwọn òyìnbó tó kọ́ ilé-iṣẹ́ náà ló là á, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Pápá olówó kọ́. Koríko kò sí ní ìdí ihò rẹ̀ rárá. Yanrìn tí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnnì pò ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ẹni tó bá sì gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tán gbọ́dọ̀ fi pátákó tẹ́ yanrìn náà padà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ẹgbẹ́ kan máa ń péjọ síbẹ̀. Agbẹjọ́rò kan wà nínú wọn, àti ọ̀gá ilé-ìwé kan, àti obìnrin kan tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀. Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n gbá bíi ti àwọn tí à ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Kí a fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré títí yóò fi wọ ihò, kí ẹni tí kò gbá a púpọ̀ sì borí, gbogbo eré náà nìyẹn.

Oníbúrẹ́dì àti oníṣègùn eyín wá ṣe òfin tiwọn. Ẹni tó bá borí èkejì ní Sátidé ni ẹ̀gbọ́n, títí Sátidé mìíràn yóò fi dé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ni yóò kọ́kọ́ kíni, "ẹ" ni yóò sì máa sọ, lójú ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí fóònù, níbikíbi.

Òfin yìí mú inú ìlú dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kan tí oníbúrẹ́dì borí, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó lè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kò lọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbà lọ. Ó jókòó sórí àga, ó panu mọ́ gbọnin, ó ń dúró. Oníṣègùn mú ẹ̀mú lọ́wọ́, ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn aláìsàn tó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Nígbà tó yá ló tó sọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ la ẹnu yín." Oníbúrẹ́dì ní ẹ̀rín kò jẹ́ kí òun mọ ìgbà tí eyín náà yọ.

Bí oníṣègùn bá borí, òun náà mọ bí yóò ṣe gbẹ̀san. Á dúró láàárín ilé búrẹ́dì, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, á ní, "Àbúrò, dín ṣúgà kù. Búrẹ́dì rẹ ló ń kó àwọn eléyín jíjẹrà wá bá mi."

"Nígbà náà, èmi ni mò ń bọ́ yín," ni oníbúrẹ́dì á fèsì. "Ẹni tó ń bọ́ni ni ó yẹ kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn ń rẹ́ mi jẹ ni."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ, wọ́n sì ń dàgbà pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ojú oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ohun tó bá jìnnà díẹ̀, bí ẹni ń wò ó láti inú èéfín ni. Ó fi ilé ìwòsàn lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò rí eyín dáadáa kò gbọdọ̀ fa eyín ẹlòmíràn. Kò wa ọkọ̀ mọ́. Kò ka ìwé ìròyìn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń tìtorí rẹ̀ dìde lórí ibùsùn, Sátidé náà ni.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní pápá, ṣùgbọ́n ó hàn. Á gbá bọ́ọ̀lù tán, á gbé orí sókè, á máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù kò sí. Bí àwọn yòókù bá yíjú sí ọ̀tún, òun náà á yíjú sí ọ̀tún. Ní ọjọ́ kan ó gbá bọ́ọ̀lù agbẹjọ́rò, ó sì ń yọ̀ pé ó lọ geere.

Àánú ṣe oníbúrẹ́dì. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú rere ló fi ṣe ohun tó ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi bọ́ọ̀lù gbá. Èyí tó yẹ kó wọ ihò, á tì í kọjá díẹ̀, á ní "Yéè!", á mi orí bí ẹni tí ọ̀ràn náà dùn. Oníṣègùn wá ń borí, Sátidé lé Sátidé, oníbúrẹ́dì sì di àbúrò tí kò dàgbà mọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, inú oníṣègùn dùn gan-an. Ó ń súfèé nílé. Ó ń tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago láàárọ̀ kùtù, kí ó ṣáà lè gba ìkíni tirẹ̀.

Ní Sátidé kan, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tán, gbogbo ẹgbẹ́ sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti jẹun. Oníbúrẹ́dì ti gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, obìnrin tó ń ta ọkọ̀ sì ti ra àkàrà. Oníṣègùn ló tún borí. Oníbúrẹ́dì fa àga fún un, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bu àkàrà fún yín."

Oníṣègùn kò jókòó. Ó dúró, ó dorí kodò bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

"Láti ìgbà wo ni 'ẹ' ti rọrùn lẹ́nu rẹ báyìí?" ló béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ ṣáà borí," ni oníbúrẹ́dì wí.

"Nígbà tí mo bá borí rẹ lóòótọ́, bí eegun ẹja ni 'ẹ' ṣe máa ń há ọ lọ́fun. O máa ń wúkọ́ kí o tó sọ ọ́. Lónìí ó ń yọ̀ lẹ́nu rẹ bí òróró." Ó ti àga náà sẹ́yìn. "O ń fi í tọrẹ fún mi ni, àbí?"

Oníbúrẹ́dì fẹ́ purọ́, kò rí irọ́ pa.

"'Ẹ' tí ò ń kí mi yìí, ti arúgbó ni," ni oníṣègùn wí. "Kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n."

Ó palẹ̀ igi rẹ̀ mọ́, ó ní kí agbẹjọ́rò fi ọkọ̀ gbé òun lọ sílé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò wá. Kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà. Ọmọ rẹ̀ sọ pé bàbá òun kì í tètè dìde mọ́, pé bí òun bá sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní kí òun gbé e kúrò.

Oníbúrẹ́dì ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ dáadáa, ó sì ń borí gbogbo ẹgbẹ́. Kò dùn mọ́ ọn. Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé". Kò rí ẹni bú, kò rí ẹni bú u. Nígbà tó ráhùn nílé pé ọ̀rẹ́ òun kò mọ oore, ìyàwó rẹ̀ wò ó.

"Bàbá Ìbídùn," ló wí, "ojú ọ̀gbẹ́ni yẹn ló ń ṣàìsàn. Ta ló sọ fún yín pé ìyókù ara rẹ̀ ti kú?"

Oníbúrẹ́dì kò lè sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí Sátidé dé, ó ronú láti tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó gbéra, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé oníṣègùn, ó sì ké tòò.

"Ìwọ! Jáde wá!"

Ọmọ oníṣègùn sáré yọ. "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé kò sí o? Ta lẹ ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Bàbá rẹ ni. Sọ fún un pé ipò ẹ̀gbọ́n tó gbé sùn yẹn, èmi ni mo fi í fún un. Mo wá gbà á padà."

Oníṣègùn yọ sí ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ ìsùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ̀rọ̀ sí i báyìí. Gbogbo ènìyàn ló ń rọra bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

"N kò ríran mọ́," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó jẹ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni oníbúrẹ́dì dáhùn. "Ó dùn mí, mo sì ṣe bí òmùgọ̀. Èmi ni yóò máa sọ ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ bọ́ sí fún ọ. Ojú nìkan ni mo fẹ́ yá ọ. Bí o bá ń retí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi, wàá pẹ́ lórí ìdúró."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn oníṣègùn. "Dúró dè mí," ló wí. "Jẹ́ kí n wọ bàtà, kí n wá kọ́ ọ ní ìwà ọmọlúwàbí."

Ní pápá, oníbúrẹ́dì ń sọ òtítọ́ fún un. "Ó lọ tààrà." "Ó wà nínú koríko lápá òsì, o gbá a burúkú." Bí oníṣègùn bá dé orí yanrìn, oníbúrẹ́dì á lọ dúró nídìí ihò, á máa mi igi àsíá inú rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ibi tó wà. Agbẹjọ́rò ní òun kò rí irú èyí rí, kí ènìyàn máa ran ẹni tí wọ́n jọ ń díje lọ́wọ́.

"Ojú ni mo yá a," ni oníbúrẹ́dì wí. "Ọwọ́ mi ṣì wà lára mi."

Nígbà tí wọ́n dé ihò ìkẹyìn, ọ̀kan kò ju èkejì lọ. Oníṣègùn gbá tirẹ̀, ó kù díẹ̀ kó wọlé. Ó wá ku oníbúrẹ́dì. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ jìnnà sí ihò. Bó bá wọlé, ó borí. Bó bá sì ṣì í, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè ṣì í láti ibẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró, tó na etí. Àánú tún fẹ́ gbé e. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fara balẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù náà bó ṣe mọ̀ ọ́n gbá.

"Ó wọlé?" ni oníṣègùn béèrè.

"Ó wọlé."

"Ó wọlé lóòótọ́?"

"Bí owó ṣe ń wọ àpò agbẹjọ́rò."

Oníṣègùn ju fìlà rẹ̀ sókè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ sì kóra jọ yí i ká, wọ́n ń dúró de ohun tó kù tí yóò sọ. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wúkọ́. Ó ní, "Ẹ... ẹ... ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n," ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì. Oníbúrẹ́dì so mọ́ ọn lọ́rùn. Inú àwọn méjèèjì kò dùn tó báyìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà yẹn tí oníṣègùn borí, kò sí ẹni tó fi í tọrẹ fún un, oníbúrẹ́dì sì fara pamọ́ sẹ́yìn ààrò kí ó má baà kí i.

Ìwọ náà ńkọ́? O sọ fún mi lánàá pé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, o kì í bá a jiyàn mọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù àti òṣèlú títí àwọn aládùúgbò á fi ti fèrèsé wọn. Nísinsìnyí, ohunkóhun tó bá sọ, "bẹ́ẹ̀ ni" ni ìwọ ń wí. O rò pé oore lò ń ṣe é. Má tan ara rẹ jẹ, ó ti mọ̀. Iṣẹ́ nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ lò ń gba ìyókù.

Bá a wá iṣẹ́, bí o bá lè rí. Gbé ìrẹsì lọ fún ìyàwó rẹ̀, kí o má sì pariwo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì yẹn, bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Yóò sọ fún ọ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ ló dára jù. O mọ̀ pé irọ́ ni. Sọ fún un.