Ẹsẹ̀ Tí Ọdẹ́kúnlé Dì Mú

Àwọn àgbà ní, "Ẹsẹ̀ tí kò bá tàpá, wọn a ní ó ti kú." Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá? Àwọn ọmọ òde òní rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn ará Ìdí-Ẹ̀mì kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀, orí àpótí ìjókòó kan níwájú dókítà òyìnbó ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ayé ìjọba òyìnbó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìdí-Ẹ̀mì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọdẹ́kúnlé. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, bó bá gbé ọkọ́ lóko, ilẹ̀ a mọ̀ pé ọkùnrin dé. Àbùkù kan ṣoṣo tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí sí i ni pé ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí àgbà bá ní kó wá, "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí àgbà bá ní kó lọ, "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí àgbà bá ní ewúrẹ́ ló bí i, kò jọ pé yóò jiyàn.

Ọmọge tó ń fẹ́ sọ́nà ni Àwẹ̀ró, ọmọ Bàbá Ládòkun. Ọdún mẹ́ta ni Ọdẹ́kúnlé fi ń ṣiṣẹ́ àna lóko bàbá náà. Ó ń ro oko, ó ń kọ ebè, ó ń tún òrùlé ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá ti débi ìgbéyàwó, Bàbá Ládòkun a ní kó ṣe sùúrù, òun náà a sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, bàbá náà pè é.

"Mo gbọ́ pé ìjọba ń gba ọlọ́pàá. Lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbà ọ́, wá mú ìyàwó rẹ. Bí wọn kò bá gbà ọ́, ọmọ aláṣọ kan ti ń yọjú sí wa, n kò sì mọ ohun tí mo tún fẹ́ wí fún un mọ́."

Ọdẹ́kúnlé kò fẹ́ ṣe ọlọ́pàá rárá. Oko rẹ̀ ló fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Àwẹ̀ró tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mí kanlẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Bí Ọdẹ́kúnlé ṣe dé ìlú tí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fi ṣe ibùjókòó ni orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ó ti rò pé wọn yóò bi í bóyá ó lè lé olè bá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ olè. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó wá gba iṣẹ́ bọ́ ẹ̀wù, kí wọ́n tò sí yàrá kan pẹ̀lú ṣòkòtò penpe nìkan. Wọ́n ní kí Ọdẹ́kúnlé fẹ̀yìn ti igi kan tí wọ́n fa ìlà sí lára, wọ́n wá fi pákó tẹ̀ ẹ́ lórí. Wọ́n fi okùn wọn àyà rẹ̀. Wọ́n ní kó mí sínú, wọ́n tún un wọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá pósí ni wọ́n fẹ́ kàn fún òun.

Dókítà fúnra rẹ̀ jẹ́ arúgbó, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó ki rọ́bà bọ etí, ó gbé irin tútù lé Ọdẹ́kúnlé láyà, ó sì ń tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ó ní kó la ẹnu, ó wo eyín rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin. Ó ní kó wúkọ́. Ikọ́ kò ṣe Ọdẹ́kúnlé, ṣùgbọ́n àgbà ló ní kó wúkọ́, ó wúkọ́ náà. Ibi tí wọ́n ti ní kó ranjú mọ́ dókítà ló ti ṣòro díẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ ṣáà ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló ń wí fún gbogbo rẹ̀.

Ó wá kan ti àpótí ìjókòó. Jínádù, aláwàdà kan tó ti bá a rẹ́ níbi tí wọ́n tò sí, ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní kí Jínádù jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ọdẹ́kúnlé ò tíì rí i rí kí ọmọ kékeré gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú irú arúgbó bẹ́ẹ̀, ojú tì í, ó wolẹ̀. Dókítà mú òòlù kékeré kan, ó fi kan Jínádù lábẹ́ orúnkún, ó dún: Kó. Ẹsẹ̀ Jínádù fò sókè, ó ta dókítà nípàá níkùn.

 Èèwọ̀ ni kí ọmọ ènìyàn fi ẹsẹ̀ ta àgbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ àgbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba.  Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, Jínádù sì gba ibẹ̀ wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún: "Yéè, apá mi."

Ó wá yé Ọdẹ́kúnlé, tàbí kí a ní ó rò pé ó yé òun. Ìwà ni wọ́n fi òòlù yìí dán wò. Ẹni tí kò bá lè kó ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níjàánu, ta ni yóò gbé kùmọ̀ ìjọba lé e lọ́wọ́? Ó pinnu pé ohun yòówù kó dé, òun kò ní tàpá.

Nígbà tó kàn án, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, ó sì mú ẹsẹ̀ le gan-an láti itan dé ọmọ ìka. Dókítà fi òòlù kàn án lábẹ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ kò mira. Dókítà sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tú u.

"Wọ́n ní kí o tú ara sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó tún wá mú un le sí i. Òógùn ń kán lójú rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀, èkejì náà kò mira. Dókítà wò ó tàánútàánú, ó mi orí. Ìyìn ni Ọdẹ́kúnlé pè é.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ ti kú," ni ògbufọ̀ wí. "Gba ilẹ̀kùn iwájú, máa lọ sílé."

Ẹsẹ̀ wo ló kú? Ṣé ẹsẹ̀ tó fi rìn láti Ìdí-Ẹ̀mì dé ibẹ̀? Ọdẹ́kúnlé wo ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wo dókítà, ó wo ògbufọ̀. Ó bá fi ẹsẹ̀ òkú náà rìn jáde.

Lábẹ́ igi níta ni Jínádù ti bá a. Jínádù ń fi ọwọ́ pa apá, ó ní wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́ nítorí àrùn ilẹ̀gbígbóná, àti pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn máa gba aṣọ ọlọ́pàá. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Ọdẹ́kúnlé ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ ìyá mi, ẹsẹ̀ tó bá tàpá ni wọ́n ń fẹ́. Ìwọ kọ́ lo máa mú un tàpá, òun ló ń tàpá fúnra rẹ̀. Padà wọlé, kí o ṣàlàyé fún wọn."

Ọdẹ́kúnlé padà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú dókítà. Wọ́n bi í léèrè ohun tó ń fẹ́. Kí ni kó wá wí? Ṣé kó wo ojú arúgbó kó ní, "Ẹ jẹ́ kí n ta yín nípàá"? 

"Sọ ọ́," ni ògbufọ̀ wí, "àwọn ènìyàn ń dúró lẹ́yìn rẹ."

"Ẹ ṣé, sà," ni Ọdẹ́kúnlé wí. Ó dìde, ó jáde. Ìbànújẹ́ kò jẹ́ kó rántí ẹ̀wù rẹ̀. Jínádù ló sáré gbé e lé e lọ́wọ́.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé Ìdí-Ẹ̀mì. Ó bá Bàbá Ládòkun níwájú ilé, tó ń hun agbọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Mo gbọ́ pé òyìnbó ní ẹsẹ̀ rẹ ti kú," ni bàbá náà wí, kò gbójú sókè. "Kò burú. O ti gbìyànjú. Ọmọ aláṣọ ń bọ̀ lọ́la, máa lọ sinmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé orí ahọ́n Ọdẹ́kúnlé. Ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ tó wà, ó rí ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i tí ẹsẹ̀ náà yí padà tó fẹ́ wọlé. 

"Rárá, Bàbá," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi kò kú. Èmi ni mo dì í mú kó má baà ta àgbà nípàá. Bí mo ṣe di ẹnu mi mú níwájú yín láti ọdún mẹ́ta náà nìyẹn. Ẹ ní kí n kọ ebè, mo kọ ọ́. Ẹ ní kí n ṣe sùúrù, mo ṣe é. Ẹ ní kí n lọ ṣe ọlọ́pàá, mo lọ, bẹ́ẹ̀ n kò fẹ́ ẹ. Àwẹ̀ró ni mo fẹ́. Bí ẹ bá gbé e fún ọmọ aláṣọ, yóò dùn mí wọra, n kò sì ní wí fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ó sọ ọ́ tán. Kò mọ̀ bóyá kó dìde ni tàbí kó sá lọ.

Bàbá Ládòkun gbé agbọ̀n sílẹ̀. 

"Láti ọdún mẹ́ta," ló wí, "mo ń kàn ọ́ níhìn-ín, mo ń kàn ọ́ lọ́hùn-ún, mo ń dán ọ wò. N kò mọ̀ bóyá ọmọ mi lo fẹ́ ni tàbí ẹ̀rù mi ló ń bà ọ́. Ẹsẹ̀ tí kò bá tàpá, wọn a ní ó ti kú. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà sọ bẹ́ẹ̀." Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Àwẹ̀ró, bu omi wá fún ọkọ rẹ."

Omi ti wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró kó tó sọ ọ́ tán.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tí ìtẹríba tàbí ìtìjú di ẹnu rẹ̀ pa, tí àwọn tó yí i ká sì ti gbà pé kò ní nǹkan í sọ. Wọn kì í pa á fún ọmọ aláfojúdi. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò sinmi rí. Wọ́n ní Ọdẹ́kúnlé dàgbà, ó darúgbó lórí oko rẹ̀. Bí ọmọkùnrin kan bá wá tọrọ ọmọ rẹ̀, tó dọ̀bálẹ̀, tí "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá" rẹ̀ wá ń pọ̀ jù, Ọdẹ́kúnlé a ní kó dìde jókòó, a wá na ọwọ́, a fi ìka kàn án lábẹ́ orúnkún, a sì máa retí kí ẹsẹ̀ náà tàpá.